Já, Bó, Hú: Ìpẹ̀ta àti Àwọn Egbò Mìíràn láti Igbó dé Ọjà Ọba, Ìbàdàn

Ìfáàrà

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń pe ohun tí a fi ń wo àìsàn, egbògi yẹ ní ohun tí a ń fi ojú onímọ̀ ìhun-ọ̀rọ̀ wò dáadáa. Bí a bá tú u, egbò àti igi ni a ó bá níbẹ̀: egbò igi, èyí tí í ṣe gbòǹgbò igi. Ewé kọ́, èèpo kọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òdòdó tàbí èso. Apá ara igi tí ó fara pamọ́ sínú ilẹ̀ ni èdè mú, tí ó sì fi jẹ orúkọ gbogbo ìyókù. Àpẹẹrẹ yìí kì í ṣe tuntun fún ẹni tí ó bá ti jókòó ní kíláàsì mofọ́lọ́jì rí. Ohun tí a kì í sábà béèrè ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí igi náà lẹ́yìn tí egbò rẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀.

Ìbéèrè náà ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò, Ọjà Ọba ní Ìbàdàn ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Èrò wa ni pé èdè Yorùbá àti ìṣe àwọn oníṣègùn ti ya jíjá ewé sọ́tọ̀ kúrò lára híhú igi láti ìgbà pípẹ́, pé ètò ọjà ni ó pa ìyàtọ̀ náà rẹ́, àti pé ààbò tí yóò bá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá ìyàtọ̀ yìí padà sí ojú àtẹ gan-an, níbi tí owó ti ń pààrọ̀ ọwọ́.

Ohun tí ó wà lórí àtẹ

Ọjà Ọba, tí ará Ìbàdàn ń pè ní Ọjà'ba, wà ní ìsàlẹ̀ òkè Mápó, ibi tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn ńlá sí ní àwọn ọdún 1920. Àwọn òpìtàn ìlú so orúkọ rẹ̀ mọ́ Ìba Olúyọ̀lé. Wọ́n ní Ọjà Ìba ni ó ń jẹ́ kí ó tó di Ọjà Ọba. Nínú irú ọjà báyìí, ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn tí ń ta ohun ìṣègùn pín sí. Àwọn eléwé ọmọ ń ta ewé tútù àti ohun èlò àgbo. Àwọn lékulẹ́ja ń ta ohun gbígbẹ: egbò, èèpo, èso, awọ àti orí ẹran, pẹ̀lú eku àti ẹja ìrúbọ tí ó fún wọn lórúkọ.

Ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì ju ti àtẹ lọ. Ewé tí a já láàárọ̀ ti lè rọ kí oòrùn tó wọ̀; bí ó bá di ọjọ́ kejì, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kò ní fẹ́ ẹ mọ́. Nítorí náà, ewé kì í sábà ti ọ̀nà jíjìn wá. Egbò kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wa egbò ní Òkè-Ògùn lè gé e, kí ó sá a, kí ó dì í sínú àpò, kí ó sì fi í ránṣẹ́ sí Ìbàdàn nínú ọkọ̀ elérò. Ó lè pẹ́ lórí àtẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìbàjẹ́. Bí ìlú bá ti ń fẹ̀ sí i, tí igbó sì ń jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé oníṣègùn, bẹ́ẹ̀ ni egbò àti èèpo ń gba iṣẹ́ ewé ṣe. Àwọn kan máa ń fi ojúkòkòrò nìkan ṣàlàyé híhú tí a ń hú igi. Lójú tiwa, ọ̀nà jíjìn ni ó kọ́kọ́ fà á. Ojúkòkòrò dé lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo díẹ̀ nínú àwọn egbò náà. Orin àtà, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Zanthoxylum zanthoxyloides, kò ṣàjèjì sí ẹnu àgbàlagbà kankan. Ní 1971, Abayomi Sofowora àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé omi egbò rẹ̀ lè dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó ti tẹ̀ bí dòjé padà sí ìrísí rẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò. Láti ìgbà náà ni orúkọ orin àtà ti wọ inú ọ̀rọ̀ nípa àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tí ó bá ní ọmọ tí àrùn náà ń bá jà kò ní í dúró gbọ́ ìwàásù nípa ìtọ́jú igbó. Egbò ni yóò béèrè. Akérejùpọ̀n, Sphenocentrum jollyanum, jẹ́ igi kékeré abẹ́ ibòji igbó, tí kì í sábà ga ju ènìyàn lọ. Egbò rẹ̀ pupa rúsúrúsú bí ata-ilẹ̀, ó kan lẹ́nu, ó sì ń sọ ohun tí a bá jẹ lé e di dídùn. Nítorí pé igi náà kéré, ẹni tí ó bá fẹ́ egbò rẹ̀ kì í ṣẹ́ ẹ kù: odindi rẹ̀ ni ó ń fà tu.

Orúkọ asofẹ́yẹjẹ sọ ìtàn ara rẹ̀: a so fún ẹyẹ jẹ. Ẹyẹ tí ó jẹ èso náà ni ó ń gbìn ín káàkiri, ìdí nìyí tí igi náà fi ń hù lórí oko tí a pa tì, tí kò sì tíì ṣọ̀wọ́n. Àwọn oníṣègùn Yorùbá ti ń fi egbò rẹ̀ wo àrùn ọpọlọ tipẹ́. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ṣe ìwádìí láàárín wọn, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1960. Ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ ti ilẹ̀ Íńdíà, Rauvolfia serpentina, fi ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ hàn wá. Ní 1952 ni wọ́n yọ èròjà reserpine jáde lára egbò tirẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ òògùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Nígbà tí yóò fi di 1990, ó ti wọ àtòjọ kejì àdéhùn CITES, èyí tí ń ṣàkóso òwò ewéko àti ẹranko ìgbẹ́ láàárín orílẹ̀-èdè. Reserpine kan náà wà nínú egbò asofẹ́yẹjẹ.

Èyí tí ọ̀rọ̀ wa dá lé jù ni ìpẹ̀ta, Securidaca longepedunculata. Igi ọ̀dàn ni. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń lọ sópin, òdòdó aláwọ̀ àlùkò tí ó ní òórùn dídùn a bò ó, débi pé ẹni tí ń kọjá lójú ọ̀nà yóò dá a mọ̀ láti òkèèrè. Èso rẹ̀ ní ìyẹ́ kan ṣoṣo tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e. Ní àwọn ilẹ̀ tí a ti ń ṣòfin nítorí òdòdó igbó, irú igi báyìí ni olè ìbá máa hú lọ sí ọgbà rẹ̀ nítorí ẹwà. Lọ́dọ̀ tiwa, òdòdó náà kò já mọ́ nǹkan kan lójú ọjà. Àmì tí awagbò fi ń mọ ibi tí yóò gbẹ́ ni. Egbò rẹ̀ ń ta òórùn kan tí ó jọ ti ìpara tí a fi ń ra ẹ̀yìn ríro, nítorí èròjà methyl salicylate tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn Haúsá ń pe igi náà ní uwar magunguna, ìyá àwọn òògùn. Májèlé sì ni bí ó bá pọ̀ jù, ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ó ń rà á láìbéèrè ìlò rẹ̀ mọ̀. Ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, gbígbìn rẹ̀ láti inú èso sì ṣòro. Igi tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún kí egbò rẹ̀ tó tó tà ni ọkọ́ ń hú láàárín wákàtí kan.

Já, bó, hú

Yorùbá kì í lo ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo fún gbígba nǹkan lára igi. A ń já ewé, a ń ká èso, a ń ṣẹ́ ẹ̀ka, a ń bó èèpo, a ń wa egbò, a ń hú igi, a ń fa koríko tu. Ẹni tí ó bá sọ pé òun já ìpẹ̀ta àti ẹni tí ó sọ pé òun hú u kò sọ ohun kan náà, ẹni tí ó gbọ́ ọ kò sì nílò àlàyé. Bí a bá fi ìmọ̀ ewéko wò ó, àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí tò gẹ́gẹ́ bí ìpalára tí wọ́n ń ṣe. Ibi tí a ti já ewé yóò tún rúwé. Ibi tí a ti bó èèpo lè jinná bí a bá bó ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n bí a bá bó o yípo, igi yóò kú, nítorí inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ṣe ń gbà sọ̀kalẹ̀ sí gbòǹgbò. Igi tí a hú ti tán nìyẹn.

Wíwa egbò nìkan ni ó wà ní agbede méjì, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Wíwa kò fi dandan jẹ́ híhú. Àgbẹ̀ oníṣu mọ èyí dáadáa: bí ó bá fẹ́ iṣu tuntun jẹ láìpa ìtàkùn rẹ̀, yóò rọra tú ebè, yóò gé iṣu náà nísàlẹ̀ orí, yóò sì kó erùpẹ̀ padà bo gbòǹgbò, kí ó lè ta èyí tí yóò fi ṣe irúgbìn lọ́dún tí ń bọ̀. Ọgbọ́n kan náà ṣeé lò fún ìpẹ̀ta tí ó ti dàgbà: kí a gé gbòǹgbò ẹ̀gbẹ́ kan tàbí méjì, kí a fi olórí sílẹ̀, kí a sì bo ihò náà. Ṣùgbọ́n onísùúrù ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀, àti ẹni tí ó nírètí láti padà wá síbẹ̀.

Ìtàn Ọ̀sanyìn tí a mọ̀ nínú àṣà Ifá fi ara jọ èyí. Ọ̀rúnmìlà rán an lọ pa oko. Ó dé ibẹ̀, ó kọ̀, kò gé ohunkóhun, nítorí pé kò rí koríko kan tí kò wúlò: èyí ń wo ibà, èyí ń wo inú rírun, èyí ń mú ajé wá. Ìtàn yìí ni a sábà máa ń fi ṣàlàyé bí Ọ̀sanyìn ṣe di olúwa ewé. Ó tún ṣeé kà ní ọ̀nà mìíràn. Ẹni tí ó mọ ìlò ewé jù lọ ni ó kọ̀ láti hú u, ìmọ̀ rẹ̀ gan-an ni ó sì dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nínú ìṣe àwọn oníṣègùn pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ òfin ni ó ń dín ìwọ̀n ohun tí a ń mú kù láìdárúkọ ìtọ́jú igbó: ewé tí a gbọ́dọ̀ já kí ẹnu tó kan omi, ewé tí a gbọ́dọ̀ fi ọfọ̀ pè lórúkọ kí a tó kàn án, igi tí a gbọ́dọ̀ fi obì tàbí owó díẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo èyí kò lè já ewé kún àpò mẹ́wàá láàárọ̀ kan.

Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó ń wa ilẹ̀

Níbi tí ọjà ti wọ inú ọ̀rọ̀ ni okùn yìí ti já. Nígbà tí oníṣègùn fúnra rẹ̀ ń lọ sí igbó, òun ni ó mọ ọfọ̀, òun ni ó ń wa ilẹ̀, òun ni yóò sì padà wá lọ́dún tí ń bọ̀. Lónìí, iṣẹ́ náà ti pín sí ọwọ́ mẹ́ta. Awagbò ń wa ilẹ̀, ìdì tàbí àpò ni wọ́n sì fi ń ka iṣẹ́ rẹ̀. Lékulẹ́ja ń rà, ó ń tà. Oníṣègùn tàbí aláìsàn ń lò ó. Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ kì í wa ilẹ̀ mọ́, ẹni tí ó ń wa ilẹ̀ kì í sì í mọ ọ̀rọ̀. Egbò tí ó dé Ọjà Ọba kò ní ewé, kò ní òdòdó, kò sì sí ohun kan lára rẹ̀ tí yóò sọ bóyá wọ́n gé e ní ẹ̀gbẹ́ ni tàbí wọ́n hú odindi igi.

A kò gbọ́dọ̀ di ẹ̀bi náà ru àwọn obìnrin orí àtẹ. Àwọn ni wọ́n mọ̀, ṣáájú ilé ìwádìí kankan, egbò tí ó ti ń wọ́n, èyí tí ó ti ń tín-ín-rín, àti èyí tí ó ti ń ti ìpínlẹ̀ mìíràn wá nítorí pé kò sí mọ́ ní tòsí. Bí a bá fẹ́ mọ ewéko tí ó ń lọ, iye owó ẹnu wọn àti ìwọ̀n ìdì wọn jẹ́ àkọsílẹ̀ tí a kò tíì kà tó.

Ibi tí òfin dé

Òfin kò ṣàìsí. Ọdún 1899 ni wọ́n ti ya igbó Olókèmejì sọ́tọ̀ ní igbó ìjọba, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí ó wá di Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n gẹdú ni ojú àwọn aṣọ́gbó ń wá láti ìgbà náà. Ọkọ̀ tí ó kó ìtì igi ni wọ́n ń dá dúró, wọn kì í tú àpò egbò wò. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn CITES ní 1974, ó sì ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀dá ìgbẹ́ tí ó wà nínú ewu ní 1985. Ẹranko àti ẹyẹ ni àtòjọ tí ó wà lẹ́yìn òfin 1985 náà ń dárúkọ. CITES ní tirẹ̀ ń ṣọ́ ẹnubodè; egbò tí ó ti Ṣakí wá sí Ìbàdàn kò kọjá ẹnubodè kankan.

Ohun kan wà nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó yẹ kí àwa onímọ̀ Yorùbá kíyè sí. Òfin ẹ̀dá ìgbẹ́ wọn ti 1981 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti hú ewéko igbó èyíkéyìí láìgba àṣẹ onílẹ̀. Jíjá rẹ̀ kò di ẹ̀ṣẹ̀, àfi fún ìwọ̀nba ewéko tí ó ṣọ̀wọ́n jù, tí a kò gbọ́dọ̀ já rárá. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín já àti hú nínú èdè wa ni wọ́n kọ sínú òfin yẹn. South Africa gba ọ̀nà mìíràn: ìpẹ̀ta gan-an wà nínú àtòjọ àwọn igi tí òfin igbó wọn ti 1998 dáàbò bò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gé e tàbí pa á lára láìní ìwé àṣẹ.

Síbẹ̀, a kò rò pé kí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dìde láti fi òfin ka egbò léèwọ̀ ní Ọjà Ọba. Ohun tí a bá kà léèwọ̀ nígbà tí àìsàn ṣì wà nílé yóò wulẹ̀ lọ sí abẹ́ àtẹ ni, yóò wọ́n sí i, awagbò yóò sì tún rí ìdí kún ìdí láti hú. Àpẹẹrẹ tí ó wúlò jù ti ìlú Durban wá. Ní àwọn ọdún 1980, ìjọba ìlú náà dá ọgbà ìgbìn sílẹ̀ ní Silverglen fún àwọn ewéko tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ń lò. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n mójú tó ni Siphonochilus aethiopicus, ẹbí ata-ilẹ̀ kan tí òdòdó rẹ̀ dára púpọ̀, tí àwọn awagbò ti hú tán pátápátá nínú igbó KwaZulu-Natal. Wọ́n ń bí i ní ọgbà, wọ́n sì ń fi irúgbìn rẹ̀ lé àwọn oníṣègùn lọ́wọ́ láti gbìn fúnra wọn. Ewéko yìí kan náà ń hù ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ìbàdàn kò ṣaláìní ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń béèrè. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó, FRIN, wà ní Jericho, pẹ̀lú ilé àkójọ ewéko gbígbẹ tí àwọn onímọ̀ mọ̀ sí FHI, níbi tí àpẹẹrẹ ewéko ti ju 100,000 lọ. NACGRAB wà ní Moor Plantation fún ìtọ́jú irúgbìn. IITA dá igbó kan sí nínú ọgbà rẹ̀, tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 350, ó sì ní ọgbà ìgbìn igi ìbílẹ̀. Mápó kò jìnnà sí èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí ó ṣòro ni pé ìwé ìwádìí ń ti Jericho jáde lọ sí àwọn ìwé àtìgbàdégbà ilẹ̀ òkèèrè, nígbà tí irúgbìn ìpẹ̀ta kan kò tíì sọ̀kalẹ̀ dé ọwọ́ lékulẹ́ja.

Ibi tí ẹ̀sìn bá ti di igbó mú, ọ̀rọ̀ rọrùn díẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75, tí UNESCO fi sí àtòjọ ogún àgbáyé ní 2005, ní ewéko tí ó ju 400 irú lọ, nítorí pé èèwọ̀ ṣọ́ ọ kí ìjọba tó ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọ̀dàn tí ìpẹ̀ta ń hù sí kì í ṣe igbó òrìṣà. Ilẹ̀ darandaran àti ilẹ̀ oko ni.

Ohun tí ó kan àwa onímọ̀

Ẹ̀ka ìmọ̀ wa pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ìwé tí a gbójú lé, bí àkójọ orúkọ ewéko ní Yorùbá tí Z. O. Gbile ṣe ní 1984 àti Ewé tí Pierre Verger tẹ̀ jáde ní 1995, ṣe iṣẹ́ tí ó jinlẹ̀ lórí orúkọ, ìlò àti ọfọ̀. Ọ̀nà tí a gbà mú ewéko náà ni ó yẹ kí ìran tiwa fi kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń fọ̀rọ̀ wá lékulẹ́ja kan lẹ́nu wò sábà máa ń béèrè orúkọ egbò àti àìsàn tí ó ń wò. Ìbéèrè kẹta kò gùn: wọ́n hú u ni, àbí wọ́n gé e? Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá jáde nínú ìdáhùn ni kí a kọ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí a má ṣe sọ gbogbo rẹ̀ di kíkórè nínú ìtumọ̀ wa.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àrọ́pò. Àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba kò bá gbogbo ewé ilé lọ́hùn-ún. Wọ́n wá èyí tí ó lè jẹ́ orúkọ náà, tí ó sì lè ru ọfọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń lò ó dòní. Àṣà náà kò kú nítorí pé ewéko yàtọ̀. Bí àìní bá lè mú kí ewé kan gba ipò ewé mìíràn ní Bahia, ó ṣeé ṣe kí àwọn oníṣègùn Ìbàdàn àti àwọn onímọ̀ kẹ́míkà jókòó pọ̀ wádìí ibi tí ewé ìpẹ̀ta ti lè gba ipò egbò rẹ̀, àti ibi tí kò ti lè gbà á. Àwọn oníṣègùn ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí àwọn ni yóò dá aláìsàn lóhùn.

Èyí tí ó kù wà ní ọwọ́ àwa àti àwọn olóòtú wa. Láti 1930 ni àwọn onímọ̀ ewéko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí ìdí kan ṣoṣo tí ó kù nínú igbó wọn lára òdòdó Cypripedium calceolus, ní Yorkshire. Wọ́n fi ibẹ̀ ṣe àṣírí fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì fi ènìyàn ṣọ́ ọ. Oníṣègùn Yorùbá tí kò sọ ibi tí òun ti ń rí egbò fún ẹnikẹ́ni ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ayébáyé, a sì máa ń pe èyí ní ahun ìmọ̀ nínú àwọn àpilẹ̀kọ wa. Ẹ̀rọ fóònù lè fi ibi tí igi kan dúró sí hàn báyìí láìṣì ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ní íntánẹ́ẹ̀tì lè ka ìwé àtìgbàdégbà ọ̀fẹ́ bíi tiwa, awagbò pẹ̀lú. Fún ìpẹ̀ta àti irú rẹ̀, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ ti tó nínú àpilẹ̀kọ. Kí nọ́ńbà ibùdó gan-an wà pẹ̀lú àpẹẹrẹ gbígbẹ ní FHI, níbi tí ẹni tí ó bá nílò rẹ̀ yóò ti fi orúkọ ara rẹ̀ béèrè.